Pọ́íǹtì 22 Rẹ̀ Tó Bẹ́ẹ̀ Lóòótọ́? Bí A Ṣe Ń Yẹ Eré Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Wò Lẹ́yìn Ìdíje

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, eré NCAA. Bí eré bá ti parí, a ó fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10, àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀. Nínú eré tá a wò gbẹ̀yìn, ọmọ kan ju pọ́íǹtì 22. Bọ́ọ̀lù 21 ló jù, 8 wọlé (ó ju 8 láti ẹ̀yìn ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta, 2 wọlé), ó ju 4 wọlé nínú jíjù ọ̀fẹ́ 5 (èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn jù láìsí ìdíwọ́ lẹ́yìn fáọ̀lù, pọ́íǹtì kan-kan), ó sì sọ bọ́ọ̀lù nù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo fún un ní 9. Ọ̀rẹ́ mi ní 5 ló tọ́ sí i. Ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ kan náà ju pọ́íǹtì 11 péré: 4 wọlé nínú 6, ọ̀kan nínú méjì láti ẹ̀yìn ìlà, jíjù ọ̀fẹ́ 2 nínú 2, ó sọ bọ́ọ̀lù nù lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ mi fún ní 8! Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é níṣẹ́ ṣe ń mọ ẹni tó ṣe dáadáa?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ ló rí. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó ti fídíò lẹ́yìn eré, kí n kọ ìròyìn lórí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fún àwọn kóòṣì. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọmọ méjèèjì tí ẹ sọ yìí, ká tú wọn palẹ̀.

Ìkọlù ni ẹ ó kọ́kọ́ kà, kì í ṣe pọ́íǹtì. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọlù tán, bọ́ọ̀lù ì báà wọlé, ó ì báà bọ́ nù, ó kan àwọn tọ̀hún. Nítorí náà, iye ìkọlù tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń ní láàárín 40 ìṣẹ́jú máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú eré àwọn ọkùnrin, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 65 sí 70. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ ti ná ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó sọ bọ́ọ̀lù nù náà ti ná ọ̀kan, kò sì rí nǹkan kan rà bọ̀. Pọ́íǹtì ni ohun tó rà. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè iye tó ná.

Bí a ṣe ń ṣírò ìnáwó náà nìyí. Ẹ mú iye bọ́ọ̀lù tó jù, ẹ fi iye èyí tó sọ nù kún un, lẹ́yìn náà ẹ fi 0.475 sọ iye jíjù ọ̀fẹ́ rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi ìyẹn náà kún un. (Ìdí tí kì í fi í ṣe 0.5 gééré ni pé jíjù ọ̀fẹ́ kì í wá ní méjì-méjì nígbà gbogbo: ẹni tí wọ́n ṣe fáọ̀lù sí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wọlé, ẹyọ kan ló máa jù lé e. Àwọn tó ń ṣírò eré NBA ń lo 0.44.) Ọmọ pọ́íǹtì 22: 21, àti 5, àti 2.4. Ìkọlù 28.4 ló ná. Ẹ fi pín 22, ẹ ó rí 0.77. Ọmọ pọ́íǹtì 11 ná nǹkan bíi 8, ó sì rí 1.38 lórí ìkọlù kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele yunifásítì, ẹgbẹ́ tó ń rí pọ́íǹtì 1 lórí ìkọlù kan kò burú, kò sì tayọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹgbẹ́ náà bá ní ìkọlù 70, ọmọ kan ṣoṣo ti ná ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó sì mú ohun tí kò tó ti ẹgbẹ́ lásán bọ̀. Bí àwọn tó kù bá ná ìkọlù 28 yẹn ní pọ́íǹtì kan-kan, 28 ni wọn ì bá rí, kì í ṣe 22. Òótọ́ ni pé nínú 13 tó tàsé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba díẹ̀ padà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, nítorí náà àdánù náà lè má tó bó ṣe hàn lórí ìwé. Síbẹ̀, 9 ti jìnnà sí i.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣírò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kúkúrú kan wà fún jíjù nìkan: ẹ ka bọ́ọ̀lù pọ́íǹtì mẹ́ta tó wọlé sí ọ̀kan àtààbọ̀. 8 ọmọ àkọ́kọ́ á di 9 nínú 21, ìyẹn nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. 4 ọmọ kejì á di 4.5 nínú 6, ìdá 75. John Hollinger, òǹkọ̀wé nípa ìṣirò bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, náà gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Game Score, tó ń kó gbogbo iṣẹ́ alẹ́ kan sínú nọ́ńbà kan. Ó ń fi 0.4 kún pọ́íǹtì fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó wọlé, ó ń yọ 0.7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jù, 0.4 fún jíjù ọ̀fẹ́ tó tàsé, àti odindi 1 fún bọ́ọ̀lù tó sọnù. Lórí èyí nìkan, láìtíì ka rìbáǹdì (gbígba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tàsé), àsíìsì (bọ́ọ̀lù tí èèyàn fi fún ẹlẹgbẹ́ tó sì jù ú wọlé), fáọ̀lù àti ìyókù, ọmọ 22 ní 5.1, ọmọ 11 sì ní 7.4. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ pátápátá sí iṣẹ́ ẹ̀yìn, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ alátakò.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín rèé: ìwé ìṣirò kì í sọ irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fún èèyàn jù. Aago ìkọlù, ìyẹn àkókò tí ẹgbẹ́ ní láti ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀, jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní yunifásítì. Bí ètò kóòṣì bá dàrú, tí aago ku 4, ẹnì kan ni wọ́n máa ń ju bọ́ọ̀lù sí pé kó wá nǹkan ṣe, ẹni yẹn náà ló sì sábà máa ń ní ìjùtàsé tó pọ̀ jù. Ọmọ pọ́íǹtì 11 lè jẹ́ ẹni tó dúró sí igun, tí ẹni méjì sáré lọ bo ọmọ 22, tí bọ́ọ̀lù wá bá a láìsí ẹni kankan níwájú rẹ̀. Kò burú, kí èèyàn dúró síbi tó yẹ, kó sì jù ú wọlé, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì, ìdá 75 yẹn kò ní dúró.

Nítorí náà, ẹ padà sí fídíò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dá a dúró ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, kí n tó mọ̀ bóyá yóò wọlé. Mo á wo iye aago tó kù, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣe sún mọ́ ọn tó, àti bóyá ẹlẹgbẹ́ kan wà ní gbangba tí kò wò. Mo á kọ «ó yẹ» tàbí «kò yẹ» sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó jẹ́ kí ó máa lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ṣe èyí, torí pé bọ́ọ̀lù tó bá ti wọlé, ojú wọn á ti rí i pé ó yẹ.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí oríire. Ẹ mú ẹni tó máa ń ju 35 wọlé nínú 100 láti ẹ̀yìn ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta, èyí tó dára. Bó bá ju 6 lálẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ tàsé ní ìgbà 7 tàbí 8 nínú 100. Láàárín 30 eré, ìyẹn á ṣẹlẹ̀ sí i ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì, láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́ tàbí pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú eré. Alẹ́ mìíràn, yóò ju 4 wọlé nínú 6, àwọn èèyàn á ní ó ti dàgbà. Ọmọ kan náà ni. Bí jíjù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá yẹ, mi ò ní yọ ju máàkì kan lọ lára rẹ̀ nítorí pé wọn kò wọlé.

Àsíìsì àti rìbáǹdì kò ní pẹ́ wa. Èèyàn tó jókòó sídìí tábìlì ló ń pinnu bóyá bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan fi fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àsíìsì, ọwọ́ àwọn kan sì máa ń tú sílẹ̀ ju ti àwọn mìíràn lọ. Bọ́ọ̀lù tó dára gan-an tí ẹlẹgbẹ́ jù tàsé kò ní orúkọ kankan lórí ìwé. Ní ti rìbáǹdì, èyí tí wọ́n gbà níwájú apẹ̀rẹ̀ alátakò níye lórí ju èyí tí wọ́n gbà níwájú apẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń wà nítòsí. Ẹni tó fi ara dí alátakò tó ga jù lọ́nà, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀rùn, òdo ni wọ́n máa kọ fún un.

Iṣẹ́ ẹ̀yìn ló pín àwọn tó mọ eré wò sí méjì. Nǹkan mẹ́ta péré ni ìwé ń kọ nípa rẹ̀: bọ́ọ̀lù tí èèyàn já gbà, èyí tó fọwọ́ dí lókè, àti fáọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ kan, ẹ bá ka iye ìgbà tó fò mọ́ bọ́ọ̀lù tí kò bà á, tí alátakò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo, ẹ wo ìkọlù alátakò mẹ́wàá tó wà nínú pápá, kí ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ máa ń rí ọ̀nà gbà kọjá lára rẹ̀? Bó bá kúrò níbẹ̀ láti ran ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́, ṣé ó ń padà lásìkò? Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ nù, ṣé ó ń sáré padà àbí ó ń bá rẹfirí jiyàn? Ẹ wo ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó ń pariwo, tó ń tọ́ka ibi tí ewu wà, ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Mẹ́wàá tó láti mọ nǹkan púpọ̀, kò sì gba àkókò.

Fáọ̀lù ní iye tirẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá dé 5 ti jáde nínú eré yunifásítì, ọ̀pọ̀ kóòṣì sì máa ń mú ọmọ tó bá ní 2 kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí lọ jókòó. Ìṣẹ́jú tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi wo eré láti orí bẹ́ǹṣì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni fáọ̀lù sí ẹni tó ń ju pọ́íǹtì mẹ́ta: ẹ gbé jíjù ọ̀fẹ́ mẹ́ta fún un láìnídìí.

Nọ́ńbà àròpọ̀-àyọkúrò, èyí tó ń sọ iye tí ẹgbẹ́ fi lé tàbí fi pòfo nígbà tí ọmọ kan wà nínú pápá, ẹ má gbára lé e lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni mẹ́sàn-án mìíràn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tó wọlé nígbà tí ìràwọ̀ alátakò lọ sinmi lè ní +12 láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ má jẹ́ kí àbájáde eré ṣe ìdájọ́ fún yín. Ní àṣekágbá NCAA ọdún 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 borí Houston. Síbẹ̀, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó wà nínú ẹgbẹ́ Houston tó pàdánù, ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní ìpele àṣekágbá náà. Ó ju pọ́íǹtì 20, ó sì gba rìbáǹdì 18. Ẹni tó bá rí 20 yẹn lónìí lè fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n NCAA kò tíì fi aago ìkọlù sí eré nígbà yẹn, pọ́íǹtì 52 péré sì ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Bákan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ wo alátakò: Division I, ìpele tó ga jù nínú eré NCAA, ní ilé-ẹ̀kọ́ tó lé ní 350, àárín wọn sì jìn púpọ̀. Pọ́íǹtì 20 lóṣù kọkànlá sí ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n pè wá láti jẹ ìyà kò rí bí 20 lóṣù kẹta, nígbà ìdíje NCAA.

Ó ku máàkì yín. Ọmọ pọ́íǹtì 11, 7 ni mo máa fún un; ìkọlù 8 kéré jù fún 8 lórí 10, àyàfi bí iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbé e sókè. Ọmọ pọ́íǹtì 22, 5. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí fídíò, kí ẹ kọ iye aago tó kù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú 13 tó tàsé. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá wáyé nígbà tí aago kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 7, ẹ sọ ọ́ di 6. Bó bá jẹ́ pé aago ṣì wà lókè 20, ẹ sọ ọ́ di 4, kí ẹ sì ra nǹkan fún ọ̀rẹ́ yín.