Èsì: Àpá ara igi ìdí ìbọn Remington 700

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá kí ẹ pààrọ̀ igi ìdí Remington 700 yín nítorí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn náà, kí ẹ wá fi èékánná tọ ojú àpá náà. Bí igi bá kàn tẹ̀ wọnú láìya, ẹ fi aṣọ tútù lé e, kí ẹ sì rọra fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, nítorí ooru omi yóò mú kí igi wú padà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti gé e, sáńpépà kíkúnná àti òróró linseed (òróró tí wọ́n fi ń kun igi) lè bò ó láṣìírí.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ (owó yín ni), ẹ má ra igi tí wọ́n gbẹ́ fún ADL bí tiyín bá jẹ́ BDL (oríṣi Remington 700 méjì ni wọ́n), nítorí abẹ́ ADL dí pátápátá, nígbà tí ti BDL ní ilẹ̀kùn kékeré tí ọta ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un yìn sí àmì kí ẹ tó gbé e wọ igbó, torí ibi tí ọta ń bà tẹ́lẹ̀ lè ti yẹ̀.