Àǹtí Eléwé Dá Yín Lóhùn: Hosta Aláràbarà Níbi Tí Oòrùn Ò Dé

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin ọlọ́gbà mi. Nínú lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, hosta ló gbà á tán, ó jọ pé gbogbo ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé tó ṣókùnkùn nílùú òyìnbó ló lọ ra á, torí ewé ẹ̀ tó ní funfun létí tàbí yẹ́lò láàárín yẹn máa ń fa ojú èèyàn. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, Japan, China àti Korea ló ti wá, Philipp Franz von Siebold, dókítà ará Jámánì kan, ló kó púpọ̀ nínú ẹ̀ wá sí Yúróòpù láti Japan ní nǹkan bí 1830. Torí ewé la ṣe ń gbìn ín, kì í ṣe torí òdòdó. Tí òtútù bá dé, gbogbo ewé ẹ̀ á kú wọlẹ̀, gbòǹgbò á wà nísàlẹ̀, á tún hù tó bá di Máàṣì tàbí Épírì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ó pòórá ní Nòfẹ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má hú u dànù.

Àǹtí Eléwé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ò rí oòrùn púpọ̀, igi ńlá kan tún wà ní ti aládùúgbò wa tí ẹ̀ka ẹ̀ ya bò wá. Wọ́n ní hosta fẹ́ràn ibòji, mo wá ra Patriot, June àti Fire and Ice, mo gbìn wọ́n sábẹ́ igi yẹn, ó ti tó ọdún méjì báyìí. Patriot ń gbìyànjú, June náà ò burú, àmọ́ ọdọọdún ni Fire and Ice ń kéré sí i, èyí tó hù lọ́dún yìí ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Tó bá sì ti di Júláì, etí ewé gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ omi ló wọnú ara wọn níbẹ̀, ti omi ló sì le jù.

Ẹ jẹ́ n mú ti ìmọ́lẹ̀ ṣáájú. Hosta lè fara da ibòji, ìyẹn ò ní kó máa gbé inú òkùnkùn. Ibi tó bá jẹ́ gíríìnì lára ewé ni ewéko fi ń gba ìtànṣán oòrùn se oúnjẹ, ibi tó bá funfun ò lè se nǹkan kan, ṣe ló kàn ń jẹ nínú èyí tí apá tó kù bá sè. Ẹ wo Patriot dáadáa, gíríìnì ló gba àárín ewé ẹ̀, funfun wà létí nìkan, kò sóhun tó ṣe é. Fire and Ice, tó jẹ́ pé ara Patriot yìí náà ló ti jáde, òdìkejì ẹ̀ ni, funfun ló gba gbogbo àárín, gíríìnì díẹ̀ ló wà létí, ilé tí ẹni méjì ń ṣiṣẹ́ tí ẹni mẹ́jọ jókòó ti abọ́ ni, ẹ wá lọ gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ síbi tíṣẹ́ ò sí, ṣé ẹ rí i báyìí? Ìdí tó ṣe ń rù nìyẹn. Irú ẹ̀ fẹ́ oòrùn àárọ̀, títí di bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, kí ibòji wá bò ó tí oòrùn bá mú, torí tẹ́ ẹ bá tún lọ gbé e sójú oòrùn ọ̀sán gangan, funfun yẹn ló máa kọ́kọ́ jó.

June ní tiẹ̀, yẹ́lò ló wà láàárín ẹ̀, búlúù wà létí. Àwọn oníyẹ́lò máa ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kódà tí wọ́n bá rí i ni yẹ́lò wọn ń yọ, tí ibòji bá ti ki jù, yẹ́lò ọ̀hún á ṣú, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á mọ́. Àwọn tó búlúù pátá bíi Halcyon ló fẹ́ ibòji jù. Ẹ má fi ọwọ́ nu ewé tiwọn o, torí ìda fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú ewé ló ń mú kó rí búlúù, tẹ́ ẹ bá nù ún kúrò, gíríìnì lẹ máa bá nísàlẹ̀.

Ó wá ku omi. Etí ewé tó ń gbẹ ní Júláì yẹn, òùngbẹ ni. Igi aládùúgbò yín ń ṣe yín lọ́nà méjì, ewé ẹ̀ lókè ń dá òjò dúró, gbòǹgbò ẹ̀ nísàlẹ̀ ń fa ìwọ̀nba tó bá délẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ lọ ki ìka bọ ilẹ̀ abẹ́ igi yẹn títí dé oríkèé kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eruku lẹ máa bá. Òjò tẹ́ ẹ fojú yín rí yẹn, hosta ò rí i. Àwọn tó ń ta ewéko á máa pariwo "ibòji, ibòji" fún oníbàárà, wọn ò ní sọ ti omi, ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ní ìparí Máàṣì tí imú wọn, ìyẹn ọ̀mùnú wọn, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tàbí ní Sẹ̀tẹ́ńbà, màá fi fọ́ọ̀kì hú wọn tìdítìdí. Fire and Ice á bọ́ sínú ìkòkò, màá gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kan ògiri. Àwọn méjì tó kù lè wà nílẹ̀ àmọ́ ẹ sún wọn jìnnà sí ìdí igi, ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ dáadáa, ẹ po kọ́mpọ́ọ̀stì àti ewé jíjẹrà mọ́ yẹ̀pẹ̀, ẹ tún fi ewé jíjẹrà yẹn bo ojú ilẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì méjì, kó má ṣáà ti kan ọrùn hosta fúnra ẹ̀. Omi tó tó ìwọ̀n ínǹṣì kan lọ́sẹ̀ ló ń fẹ́, tòjò tomi ẹ̀rọ. Ìdí ni kẹ́ ẹ bù ú sí o, kì í ṣe orí ewé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó wọlẹ̀ ṣinṣin sì sàn ju kẹ́ ẹ máa wọ́n ọn féréféré lójoojúmọ́. Èyí tó wà nínú ìkòkò á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ooru. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀, ní wíńtà ẹ fi bíríkì gbé e sókè díẹ̀, òtútù lásán kì í sábà pa hosta, omi tó bá dúró sí gbòǹgbò ẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́ rà.

Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ mà. Stúdẹ́ńtì ni mí, ẹni tó gbé inú ilé tí mo rẹ́ǹtì ṣáájú mi fi hosta kan sílẹ̀ tó ní funfun létí. Lọ́dún yìí apá kan ẹ̀ hu ewé gíríìnì pátápátá, ó tiẹ̀ ga ju àwọn tó kù lọ. Ṣé kí n fi í sílẹ̀? Ṣé mo sì lè fi kóró ẹ̀ gbin òmíì fún ọ̀rẹ́ mi? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester)

Àbúrò mi, má fi í sílẹ̀ o, àfi tó bá jẹ́ gíríìnì lo fẹ́. Èyí tó jẹ́ gíríìnì látòkè délẹ̀ ń se oúnjẹ ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ tó máa fún àwọn aláràbarà pa. Wa yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹ̀, tẹ̀ lé ewé yẹn dé ibi tó ti so mọ́ ìdí, kó o fi ọ̀bẹ gé e kúrò tòun ti gbòǹgbò ẹ̀. Gígé ewé lásán ò ṣe nǹkan kan, á tún hù. Kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló burú ṣá, bí Patriot ṣe jáde lára hosta mìíràn tó ń jẹ́ Francee nìyẹn, bí June ṣe jáde lára Halcyon nìyẹn, ẹnì kan ló rí ẹ̀ka tó yàtọ̀, ó sì yà á sọ́tọ̀.

Kóró ò ní fún ẹ ní irú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà gíríìnì lásán ló máa hù. Ṣe ni kó o pín ìdí ẹ̀ nígbà tí imú ẹ̀ bá ń yọ, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní imú méjì tàbí mẹ́ta. Fọ ọ̀bẹ ẹ dáadáa kó o tó bọ́ sórí òmíì, torí fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Hosta Virus X, inú oje ewé ló ń gbà ràn. Tó o bá rí i tí àwọ̀ kan ń ṣàn bíi yíǹkì sẹ́bàá iṣan ewé, tàbí tí ojú ewé ń ṣe kókòkó, hú gbogbo ẹ̀ sínú bíìnì, má kó o sínú kọ́mpọ́ọ̀stì, kò ní oògùn. Kó o tún máa ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá tà ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé àwọ̀ ẹ̀ "yàtọ̀".

Nítorí ìgbín, mo ti da èèpo ẹyin sídìí hosta mi, mo ti fi téèpù kọ́pà yí ìkòkò ká, ìyàwó mi tún ní kí n da iyọ̀. Ihò ń pọ̀ sí i lára ewé ni. Àwọn ìgbín yìí, tó bá jẹ́ ti ilé ni, à bá ti fi ata dín in jẹ. (Bàbá kan, Leeds)

Ẹ kú ìfaradà sà. Iyọ̀ kọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín, iyọ̀ á ba ilẹ̀ jẹ́, á pa hosta ọ̀hún gan-an. Ní ti èèpo ẹyin àti téèpù kọ́pà, Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán méjèèjì wò pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, èèpo igi àti irun àgùntàn, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2018, ewé létíùsì tí wọ́n fi wọ̀nyí dáàbò bò ò sàn ju èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi, kí ni téèpù jẹ́ lójú ẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: ihò tẹ́ ẹ ń rí ní Júùnù, ó lè jẹ́ Épírì ni wọ́n ti lu ú. Ewé hosta máa ń yí pọ̀ bí ẹní tó bá ń yọ bọ̀ láti inú ilẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo tí ìgbín bá gbé e nígbà yẹn á gba inú gbogbo ìpele ẹ̀ kọjá, tí ewé bá wá tú sílẹ̀, ihò mẹ́rin márùn-ún á tò sórí ìlà. Nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ewé jíjẹrà àtijọ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Tí òjò bá rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́, ẹ ṣa wọ́n, pàápàá èyí tí kò ní ìkarahun yẹn, òun gan-an lọ̀dádá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra oògùn, ẹ wò ó lára páálí kó jẹ́ ferric phosphate, èyí tó ń jẹ́ metaldehyde, wọ́n ti fòfin dè é ní Great Britain láti ìparí Máàṣì 2022 nítorí ẹyẹ àti ẹranko kéékèèké. Aràn tín-íntín tí wọ́n ń pò mọ́ omi náà wà, nematode lorúkọ ẹ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń pa wọ́n, àmọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti móoru ju 5°C lọ kẹ́ ẹ tó lò ó.

Tẹ́ ẹ bá tún máa ra hosta lọ́jọ́ iwájú, ẹ fọwọ́ kan ewé ẹ̀, èyí tó bá nípọn bíi Halcyon tàbí Sum and Substance, ìgbín kì í fẹ́ wahala ẹ̀, ewé tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ bá.

Ewé yìí fẹ̀ o, ṣé mo lè fi pọ́n mọ́ínmọ́ín? (Olóúnjẹ, Luton)

Ẹ̀yin èèyàn yìí! Lóòótọ́ wọ́n ń jẹ ọ̀mùnú hosta ní Japan, urui ni wọ́n ń pè é, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ewéko, ẹ ò mọ oògùn kòkòrò tí wọ́n ti fín sí i. Ẹ lọ ra ewé eéran tó wà ní fúrísà àwọn ṣọ́ọ̀bù wa. Tẹ́ ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ hosta, á mú wọn bì.

Àgbọ̀nrín jẹ hosta mi tán lóru ọjọ́ kan, ó ku pòròpórò. (Ẹ̀gbọ́n kan, Bowie, Maryland)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Á tún hù, gbòǹgbò ẹ̀ ò kú. Fẹ́ńsì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ló ń dá wọn dúró, oògùn olóòórùn tí wọ́n ń fín náà máa ń ràn án lọ́wọ́ àmọ́ ẹ ní láti máa tún un fín tí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Ó rọrùn jù kẹ́ ẹ gbé hosta wá sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá gbin òdòdó tó ń jẹ́ hellebore síwájú lọ́hùn-ún, wọn kì í sábà jẹ ìyẹn.

Ọmọ mi ní London ń bọ̀ wálé ní Dìsẹ́ńbà, mo fẹ́ kó bá mi kó hosta sínú báàgì. Abẹ́ igi máńgòrò mi ló máa wà. (Màmá, Bódìjà, Ìbàdàn)

Mà, ẹ má jẹ́ kó kó o o. Hosta gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù gidi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ́dún kó tó lè hù dáadáa, ọyẹ́ Ìbàdàn ò tó nǹkan kan lójú ẹ̀. Á hu ewé lọ́dún àkọ́kọ́, inú yín á dùn, lẹ́yìn náà á máa rù títí tó fi máa kú. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀, ewéko tó bá ń ti òkè òkun wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ewéko àti ẹran tó ń wọlé wò, àti ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn.

Ẹ ní ohun tó dáa jù ú lọ nítòsí, mà. Pèrègún tó ní ìlà yẹ́lò láàárín ewé, kò sí bí ibòji ṣe lè rí tí kò ní gbà. Aglaonema náà ń ṣe dáadáa lábẹ́ igi. Dieffenbachia lẹ́wà, àmọ́ oje ẹ̀ máa ń ta ẹnu wú, tí ọmọ-ọmọ bá wà nílé ẹ gbé e jìnnà. Èyí tó máa jọ hosta lójú yín jù ni caladium, ewé ẹ̀ lè funfun báláú pẹ̀lú iṣan gíríìnì tàbí pupa, ẹ gbìn ín tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ po ajílẹ̀ tó ti jinná mọ́ ilẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ewé ẹ̀ á wó lulẹ̀, kò kú o, ẹ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí iṣu ẹ̀ wà nílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ wa á sínú páálí gbígbẹ títí òjò á fi tún dé.