Ṣé Kí N Yọ Owó Pàjáwìrì Kúrò Nínú Bọ́jẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agége ni mò ń gbé, àkáǹtì ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́ ìjọba tó ń dènà àrùn ẹran ọ̀sìn. Ọ̀gá mi ní kí n yọ owó pàjáwìrì torí àrùn kankan ò ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Àbúrò, má yọ ọ́ o! Àrùn adìẹ H5N1 tó wọ Kàdúná ní 2006 ò ránṣẹ́ ṣáájú, ó tún yọjú l'Ékòó níbí ní 2015, àwọn ọlọ́sìn sì ń béèrè owó gbà-má-bínú adìẹ tí wọ́n pa, níbo lo fẹ́ ti rí irú owó yẹn tí kò bá sí nínú ìwé? Kọ ọ́ sọ́tọ̀, kọ ohun tó wà fún sábẹ́ ẹ̀: aṣọ ìdáàbòbò, oògùn apakòkòrò, dísẹ́lì jẹnẹrétọ̀ fún fíríìjì àjẹsára (ibẹ̀ gan-an lowó ń jò sí, ta ni ò mọ̀ pé iná kì í dúró).

Tó bá kan ripọ́ọ̀tù, owó tí wọ́n buwọ́ lù yàtọ̀ sówó tó wọlé o, kọ méjèèjì, kó o wá kọ èyí tẹ́ ẹ ná àti iṣẹ́ tó ṣe: oko mélòó lẹ yẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ adìẹ mélòó lẹ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní Plateau, fún àyẹ̀wò. Tí wọn ò bá bára mu, kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀ kí ọ̀dítọ̀ tó béèrè.