MX-5 tòkunbọ̀ fẹ́ lọ autocross àkọ́kọ́: jẹ́ kí owó coilover wà lápò ná

Àbúrò, ìbéèrè rẹ yé mi: Mazda MX-5 tòkunbọ̀ ọdún 2001, jíà ọlọ́wọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o gbé e wọ autocross fún ìgbà àkọ́kọ́, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá coilover (sípíríǹgì àti ṣọ́kù tó ṣeé gbé sókè-sílẹ̀) ni kí o kọ́kọ́ rà ní Ládípọ̀ àbí rímù tó fẹ̀. Má ra ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tó ń dá ẹni tuntun padà sílé kí ó tó sá ẹyọ kan kì í ṣe pé mọ́tò rẹ̀ kò lágbára tó. Nọ́ọ̀tì táyà tí kò mú ni, bátìrì tó ń mì nínú búùtù, rédíétọ̀ tó ti gbó, táyà tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn ò tíì rí i rí: autocross kì í ṣe eré àsápajúdé lójú títì. Wọ́n á to kóònù sórí ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń sá lẹ́ẹ̀kan, aago lẹ jọ ń du. Ìsáré kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60, jíà kejì sì ni wàá wà jálẹ̀jálẹ̀. Eré náà lè má dé ohun tí o ń sá lórí Third Mainland ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Yíyí-sọ́tùn-ún, yíyí-sósì tí kò dáwọ́ dúró ló ń fìyà jẹ mọ́tò, tó ń tú àṣírí gbogbo ohun tí mẹkáníìkì fi rọ́bà so.

Táyà ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Táyà tòkunbọ̀ lè ní ojú tó jinlẹ̀ dáadáa kí ó sì ti kú. Wá àkọlé DOT lára rẹ̀, kí o ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Rọ́bà tó ti dàgbà máa ń le bí igi, oòrùn Èkó kì í sì í ràn án lọ́wọ́. Fi àtàǹpàkò ṣí àárín ojú rẹ̀ wò, kí o wo èjìká àti ẹ̀gbẹ́ inú tí o kì í rí nígbà tí mọ́tò bá wà nílẹ̀. Bí ó bá ti ń sán wẹ́wẹ́, tàbí tí wáyà bá ti yọjú, má gbé e lọ. Tí o bá máa ra tuntun, tí rímù rẹ bá jẹ́ íǹṣì 15, ìwọ̀n 195/50R15 ni kí o rà. Àwọn tó ti jingíri máa ń wá èyí tí treadwear rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú táyà ṣe máa pẹ́ tó) jẹ́ 200, torí pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni rọ́bà náà ṣe máa ń rọ̀ tó. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ àkọ́kọ́, táyà lásán tó jẹ́ 400 kò burú rárá. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tuntun: ó máa ń ké kí ó tó yọ̀, igbe yẹn sì ni olùkọ́ tí o kò ní sanwó fún.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Mazda ní 26 psi níwájú àti lẹ́yìn. Fọkanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ yín ti lè fún un dé 38, torí bó ṣe ń fún Sienna náà nìyẹn. Ra géèjì tìrẹ, géèjì kan ṣoṣo náà ni kí o sì máa lò, nítorí géèjì méjì kì í sábà sọ ohun kan náà. Láàárọ̀ tí táyà bá ṣì tutù, fi 32 síwájú, 30 sẹ́yìn. Ìdí tí a fi ń lọ sókè ni pé nígbà tí mọ́tò bá yí gan-an, ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà níta máa ń tẹ̀, mọ́tò á wá máa fi èjìká táyà rìn. Fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi mẹ́ta lára táyà kọ̀ọ̀kan. Onígun mẹ́ta kékeré kan wà ní èjìká ọ̀pọ̀ táyà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá pa rẹ́ kọjá rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, fi 2 psi kún un. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣì wà lórí ojú táyà gan-an létí, yọ 2. Lẹ́yìn ìsáré méjì tàbí mẹ́ta, ooru á ti gbé e sókè ní 3 tàbí 4 psi, wàá sì ní láti dá a padà síbi tí o fẹ́. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, má gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ.

Nọ́ọ̀tì táyà: mẹ́rin mẹ́rin ni lórí mọ́tò yìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 mm ló ń wọ̀ ọ́. Mazda fẹ́ kí ó mú láàárín 88 sí 118 Nm, yan 105. Torque wrench, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe mú tó, ló lè sọ iye yẹn fún ọ. Èyí tí wọ́n ń fi páìpù gígùn tẹ̀, tí ọmọṣẹ́ á tún gun orí rẹ̀, máa ń fa irin nọ́ọ̀tì gùn, ó sì máa ń jẹ́ kí díìsì búrékì wọ́. Bí o bá mú ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ní òdìkejì ni kí o mú tẹ̀ lé e, kì í ṣe ní ìtẹ̀léra, kí táyà ti fara kan ilẹ̀ kí o tó mú un dópin.

Nígbà tí mọ́tò bá wà lókè, fi ọwọ́ kan mú orí táyà, èkejì mú ìsàlẹ̀, kí o mì ín. Bí ó bá ń ṣe gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀, bearing tàbí ball joint ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì ni o dì í mú tó ń mì, tie rod, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni. Kòtò ojú ọ̀nà wa kì í dá àwọn nǹkan wọ̀nyí sí, àwọn ayẹ̀mọ́tò-wò ní pápá á sì mì ín bí o ṣe mì ín yìí gan-an.

Búrékì: ọ̀rọ̀ nípa pad olówó ńlá kò kàn ọ́ ní báyìí. Ìsáré kan kò pẹ́ tó láti mú búrékì gbóná bíi ti pápá ìje gígùn. Omi búrékì ló kàn ọ́. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi. DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 230°C ó kéré tán kí ó tó hó. Nígbà tó bá ti mu omi, ìwọ̀n yẹn lè já wálẹ̀ sí 155. Bí tìrẹ bá ti dúdú bí àmàlà, pààrọ̀ rẹ̀. Lítà kan tó. Bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí master cylinder (ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń ti omi búrékì jáde): ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, bí ó bá jẹ́ pé apá òsì ni sítíárìn rẹ wà. Má lo agolo tí wọ́n ti ṣí láti oṣù tó kọjá. Lẹ́yìn náà tẹ búrékì mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń rọra wọlẹ̀ lọ, master cylinder ti ń jò sínú ara rẹ̀. Bí o ṣe wà níbẹ̀, wo slave cylinder ti kíláàṣì (clutch) náà, èyí tí omi ń tì kí kíláàṣì lè tú, níbi rọ́bà rẹ̀. Àìsàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ irú MX-5 yìí ni: á jò díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ kan jíà ò ní wọlé mọ́. Owó rẹ̀ kéré sí owó ọkọ̀ agbémọ́tò.

Rédíétọ̀ rẹ ní ike lórí. Nígbà tó wà ní tuntun, dúdú ni. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó ti fẹ́ là. Pààrọ̀ rẹ̀ nílé, kì í ṣe lẹ́bàá títì Ìkòròdú. Wádìí pẹ̀lú bóyá thermostat, ohun tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á sì da omi kànga sí i. Dá thermostat padà, fi coolant àti omi mímọ́ sí i ní ìlàjì-ìlàjì, kí o jẹ́ kí mọ́tò dúró lójú kan títí fáànù á fi tan fúnra rẹ̀. Bí kò bá tan, má tíì lọ ibì kankan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dé àmì òkè lára ọ̀pá rẹ̀ láìkọjá rẹ̀, torí nígbà tí mọ́tò bá yí pẹ́, ọ́ìlì máa ń ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Epo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú táǹkì: bí ó bá kéré sí ìdá mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì lè wúkọ́ ní àárín ìyípo. Ìlàjì táǹkì dára.

Bátìrì mọ́tò yìí wà nínú búùtù, lápá ọ̀tún. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ní páìpù kékeré tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti fi bátìrì lásán sí, tí wọ́n fi rọ́bà inú táyà dè. Wá irin ìdè rẹ̀ gan-an, kí o sì so páìpù náà padà. Bí o bá fi ọwọ́ tì í tó mì, wọn ò ní jẹ́ kí o sá.

Inú mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣófo. Táyà ìpààrọ̀, jáàkì, kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀, omi inú ike, ìlẹ̀kẹ̀ tó rọ̀ lára dígí, fóònù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa fi yàtọ̀ nìyí: FRSC ń béèrè C-caution, ohun ìpaná àti táyà ìpààrọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà o ò lè fi wọ́n sílé. Mú àpò Ghana-must-go kan dání, kó gbogbo rẹ̀ sí i nígbà tí o bá dé pápá, kí o sì kó wọn padà kí o tó jáde. Mú tapólì kékeré láti fi bò ó, òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Àṣíborí ọlọ́kadà tí kò ní àmì kankan kò wúlò níbí. Wo abẹ́ aṣọ inú àṣíborí fún àmì Snell, àjọ tó ń dán àṣíborí wò: SA ni ti mọ́tò, M ni ti alùpùpù, ọ̀pọ̀ ibi sì ń gba méjèèjì bí ó bá jẹ́ 2015 tàbí 2020. Bi àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kí o tó rà. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kí o wọ̀. Má wọ sálúbàtà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè gbà kí o yí padà lára mọ́tò ni alignment, torí bóòtù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń yí camber (bí orí táyà ṣe dà sínú tàbí síta) padà, níwájú àti lẹ́yìn. Sọ fún àwọn tó ń ṣe alignment pé kí wọ́n fún ọ ní camber −1 sí −1.5 (orí táyà dà sínú díẹ̀) níwájú, toe òdo (kí táyà méjèèjì kọjú síwájú tààrà), kí ẹ̀yìn ní toe-in díẹ̀ (kí iwájú táyà kọjú sínú díẹ̀). Kí ẹ da ọ́ìlì sí bóòtù náà láti ọjọ́ kan ṣáájú, ìpẹtà máa ń dè é mọ́ inú bush. Bí wọ́n bá sọ pé “kò ṣeé yí,” wá ibòmíràn.

Ní ọjọ́ náà, fi ẹsẹ̀ rin ipa ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Kóònù tó dúró ni ẹnubodè. Èyí tó dùbúlẹ̀ ń fi ẹnu rẹ̀ tọ́ka síbi tí o máa gbà. Bí o bá lu kóònù tó dúró ṣubú, tàbí tó kúrò pátápátá nínú àmì tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, lábẹ́ òfin tí SCCA, ẹgbẹ́ eré mọ́tò ti Amẹ́ríkà, ń lò, tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n ń fi kún un. Bí o bá fo ẹnubodè kan, ìsáré yẹn ti ṣòfò. Bí o bá rí àsíá pupa, dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á sì yàn ọ́ láti máa tún kóònù gbé dúró nígbà tí àwọn mìíràn bá ń sá. Má lo fóònù níbẹ̀, má kẹ̀yìn sí mọ́tò.

Iyanrìn ni ọ̀tá wa ní Èkó, àti eruku ọyẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ sá ló ń fi táyà gbá ilẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà má jẹ́ kí aago ìsáré àkọ́kọ́ bà ọ́ nínú jẹ́, má sì kúrò lójú ibi tí wọ́n ti gbá.

Kí o tó gbéra, ti ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀, ja bẹ́líìtì wìkì kí ó há, kí o wá fa ìjókòó padà síwájú. Ara rẹ ò ní máa rọ́ mọ́. Kó ojú kúrò lára kóònù tó wà níwájú imú rẹ, wo èyí tó tẹ̀ lé e. Tẹ búrékì nígbà tí sítíárìn ṣì tọ́, kí o tó yí. Ẹ̀yìn ló ń ti MX-5, nítorí náà bí o bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ní àárín ìyípo, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́ ṣíwájú rẹ. Bí ó bá ti yí lọ, kíláàṣì àti búrékì papọ̀, títí á fi dúró.

Láàárín ìsáré, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, pa AC, má fa háńbíréèkì nígbà tí búrékì bá gbóná torí pad lè lẹ̀ mọ́ díìsì; fi jíà sí i, kí o fi òkúta dí táyà. Kí o tó wá sílé, tún nọ́ọ̀tì wò pẹ̀lú torque wrench. Má tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná sí 26: bí ó bá tutù, á lọ sí 22, àwọn ojú ìsopọ̀ Third Mainland á sì wá bá rímù rẹ sọ̀rọ̀. Fi í sí 30 ní gbígbóná, kí o tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì.