Èsì: Báàgì tó ń fa èjìká ya lórí Olósùnta

Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ní báàgì ẹ̀yìn yín ń fa èjìká yín ya bí ẹ ṣe ń gun Olósùnta, òkè àpáta tó wà n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìgbànú báàgì náà, èyí tí a ń dè mọ́ ìbàdí, ló wà lókè jù. Ìdí nìyẹn tí èjìká fi ń ru gbogbo ẹrù bí ẹ ṣe ń gun òkè náà. Egungun ìbàdí ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ di ẹrù sínú rẹ̀ ná, torí báàgì òfìfo máa ń tanni. Lẹ́yìn náà:
1. Ẹ dẹ gbogbo okùn.
2. Ẹ gbé ìgbànú lé egungun ìbàdí, kí ẹ fà á le.
3. Ẹ wá fa okùn èjìká díẹ̀.

Bí ìgbànú bá ṣì ń gun ikùn, báàgì náà ti kúrú fún yín. Ẹ wọn ẹ̀yìn yín láti kókó egungun ọrùn dé ìbàdí kí ẹ tó ra òmíràn.

Báàgì tí kò ní ìgbànú? Ẹ dín ẹrù kù ni.