Erékùṣù kékeré tó fẹ́ máa kìlọ̀ sùnámì: kí ni kó kọ́kọ́ náwó lé lórí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹnjiníà ni mí, Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ètò Technical Aid Corps ti ìjọba àpapọ̀ ti yàn mí láti lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan ní Òkun Pàsífíìkì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àjálù ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀gá ibẹ̀ ti kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ gbé ètò ìkìlọ̀ sùnámì kalẹ̀, pé kí n máa ronú sí i kí n tó dé. Owó tí wọ́n ní kò pọ̀. Oníṣòwò kan sì ti ń fi ẹ̀rọ tó ń léfòó lórí agbami lọ̀ wọ́n. Ṣé ká rà á? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Abẹ́ òkè Olósùnta ni mo dàgbà sí, mi ò mọ òkun, mi ò tiẹ̀ mọ omi í wẹ̀.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire o, Ẹnjiníà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, torí oníṣòwò kì í ní sùúrù: ẹ má tíì rà á. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wá ni iye ìṣẹ́jú. Ní etíkun kọ̀ọ̀kan lórílẹ̀-èdè yẹn, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mì títí dìgbà tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, ìṣẹ́jú mélòó ló wà níbẹ̀? Kó tó di pé ẹ rí èsì yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan wúlò tàbí kò wúlò.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Sùnámì kì í ṣe irú ìgbì tí atẹ́gùn ń tì wọ etíkun Èkó. Ìsàlẹ̀ òkun ló máa ń ṣàdédé gbéra tàbí kó rì, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìmìtìtì ilẹ̀, gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀ á sì bá a lọ. Bí omi bá ṣe jìn tó ni ìgbì náà ṣe ń yára tó. Ẹ mú jíjìn omi ní mítà, ẹ fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá square root rẹ̀. Iye mítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Níbi tí òkun bá ti jìn tó 4,000 mítà, ó ń sáré tó 700 kìlómítà ní wákàtí kan, eré bàálù gan-an. Bó bá ń sún mọ́ ilẹ̀, tí omi kò jìn mọ́, eré rẹ̀ á dín kù, ṣùgbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ láàárín agbami lè má mọ̀ rárá pé nǹkan kan kọjá lábẹ́ àwọn.

Bí ẹ bá ṣe ìṣirò yẹn tán, ẹ ó rí i pé ọ̀tá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ bá jà. Ọ̀kan ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ní May 22, 1960, ilẹ̀ mì ní Chile, 9.5 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, kò sì tíì sí èyí tó tó o láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 15 ni omi náà fi rìn kó tó dé ìlú Hilo ní Hawaii. Èkejì wà lẹ́yìnkùlé. Ní September 29, 2009, ilẹ̀ mì nítòsí Samoa. Ibùdó tó ń kìlọ̀ fún gbogbo Pàsífíìkì, tó wà ní Hawaii, gbé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Àwọn yẹn kò fi iṣẹ́ ṣeré, àmọ́ láàárín àkókò yẹn náà ni omi ti ń wọ àwọn abúlé etíkun. Èèyàn 149 ló kú ní Samoa, 34 ní American Samoa, 9 ní Tonga.

Fún ọ̀tá tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, àwọn ẹlòmíì ti ń ṣọ́nà fún yín. Ọdún 1949 ni wọ́n dá ibùdó Hawaii yẹn sílẹ̀, lẹ́yìn tí sùnámì April 1, 1946 pa èèyàn tó lé ní 150 níbẹ̀. Láti 1965 sì ni UNESCO ti kó àwọn orílẹ̀-èdè Pàsífíìkì jọ kí wọ́n lè máa pín ìròyìn láàárín ara wọn. Orílẹ̀-èdè kékeré kò ní láti tún ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ipa tirẹ̀ ni kó ní ẹ̀rọ mélòó kan tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ga tó ní èbúté, kó sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń rí máa dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ èbúté kò wọ́n lọ títí, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lọ tún un ṣe.

Èyí tí oníṣòwò yẹn ń tà yàtọ̀. Apá kan rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ òkun, tó ń mọ bí omi orí rẹ̀ ṣe ń wúwo sí i tàbí tó ń fúyẹ́. Á fi ohùn ránṣẹ́ sí apá tó léfòó lókè, ìyẹn á gbé e fún sátẹ́láìtì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá lẹ máa háyà ní gbogbo ìgbà tí bátìrì bá tán tàbí tí okùn bá já, àwọn apẹja sì máa ń so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn. Indonesia, tó tóbi ju yín lọ fíìfíì, ní irú ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn àjálù sùnámì ọdún 2004. Nígbà tó fi máa di 2012, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Owó ríra rẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn, owó títọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ bi oníṣòwò yẹn léèrè ta ni yóò máa san owó ọkọ̀ ní ọdún kẹta, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú. Ká ní ìkìlọ̀ dé láti Hawaii ní aago méjì òru ọjọ́ Sunday. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Bó bá rí i, ṣé ó láṣẹ láti fọn fèrè, àbí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ọ̀gá, kí ọ̀gá pe mínísítà, tí fóònù mínísítà sì wà ní pípa? Kí òfin sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tó bá wà lórí àga lóru ló láṣẹ, kó má sì sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ẹ́ bí omi kò bá wá mọ́. Ẹ lè lo oṣù mẹ́fà lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ìkìlọ̀ máa gbà dé etí ìlú. Ó gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ fèrè ìkìlọ̀. Bí gbogbo èèyàn bá pe fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ̀kì á dì. Iná ọba á lọ. Nígbà tí òkè oníná abẹ́ òkun bú gbàù ní Tonga ní January 15, 2022, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já, orílẹ̀-èdè náà lo ju oṣù kan lọ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ẹ wá fóònù sátẹ́láìtì, rédíò tó ń gbé ohùn lọ sí ọ̀nà jíjìn láìnílò okùn kankan, sólà àti bátìrì, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí akéde ṣe ń lu agogo tí ará ilé, ará oko, arúgbó àti ọmọdé á ti mọ ohun tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni kí fèrè yín rí: kí ohùn rẹ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ní Hilo lọ́dún 1960, fèrè dún ní wákàtí mélòó kan kí omi tó dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ohun tí fèrè náà ní kí àwọn ṣe, wọ́n dúró sílé. Èèyàn 61 ló kú.

Fún ọ̀tá ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ tó mì ni ìkìlọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó máa yára ju ẹsẹ̀ ẹni tó ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Erékùṣù Simeulue ní Indonesia wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti mì ní December 26, 2004, àjálù tó pa èèyàn tó lé ní 220,000 káàkiri Òkun Íńdíà. Àwọn tó ń gbé Simeulue lé ní 70,000. Èèyàn 7 ló kú. Omi ti ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ rí ní 1907, wọ́n sọ ọ́ dorin àti ìtàn fún àwọn ọmọ, pé bí ilẹ̀ bá mì gidigidi tí òkun sì sá sẹ́yìn, kí wọ́n gba orí òkè lọ. Ní abúlé Baie Martelli ní Vanuatu, lọ́dún 1999, fídíò ni wọ́n ti wò nípa sùnámì tó ṣẹlẹ̀ ní Papua New Guinea lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí ilẹ̀ mì lóru, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sá gun òkè kí omi tó wá gbá ilé wọn lọ. Fídíò kan! Ẹ fi owó rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ agbami.

Ẹ má gbàgbé àwọn àlejò. Ní Solomon Islands lọ́dún 2007, àwọn ọmọ onílẹ̀ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Àwọn tí ìdílé wọn ti Kiribati wá, tí kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ni ikú dá lóró jù. Àlejò ni ẹ̀yin náà máa jẹ́ níbẹ̀, àti àwọn onífàájì tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ẹ má sọ pé ó dìgbà tí ilẹ̀ bá mì gidigidi nìkan. Ní Mentawai, Indonesia, lọ́dún 2010, jẹ́jẹ́ ni ilẹ̀ mì, àmọ́ ó pẹ́. Àwọn èèyàn kò kà á sí, àwọn tó lé ní 400 sì kú. Mímì tó bá pẹ́, ẹ sá. Òkun tó bá ṣe ohun àjèjì, ìbáà fà sẹ́yìn, ìbáà kún, ẹ sá. Ariwo ńlá láti ojú òkun, ẹ sá. Òkun kì í fà sẹ́yìn nígbà gbogbo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró wò ó.

Ibi iṣẹ́ ẹnjiníà gan-an rèé: ọ̀nà tó gun òkè. Àwọn baba wa ní Èkìtì gun òkè nítorí ogun, ẹ mọ bí òkúta ṣe ń yọ̀ nígbà òjò. Ẹ ṣe àtẹ̀gùn, ẹ fi irin ìdìmú sí i, ẹ kun ọ̀dà tó ń tàn lóru. Kí ẹ wá mú aago, kí ẹ rìn ín lóru pẹ̀lú ìyá arúgbó kan àti aboyún kan, kí ẹ fi wé iye ìṣẹ́jú tí ẹ ti ṣírò. Bí kò bá bá a dọ́gba, ẹ wá òkè tó sún mọ́ ọn. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sí òkè, ilé alájà tó lágbára lẹ máa kọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo láàárín òpó kí omi lè gbabẹ̀ kọjá. Ní ti omi wíwẹ̀, ẹ kọ́ ọ fún ìgbádùn ara yín. Nínú sùnámì, pákó, páànù àti mọ́tò ló kún inú omi, òmùwẹ̀ kò sàn ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ.

Ó ku ẹni tó máa sọ pé kí àwọn èèyàn máa bọ̀ nílé. Sùnámì kì í ṣe ìgbì kan, ìgbì àkọ́kọ́ kì í sì í sábà tóbi jù. Ní Crescent City, California, lọ́dún 1964, àwọn kan ti padà sílé àti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìgbì àkọ́kọ́. Ìkẹrin ló bá wọn níbẹ̀. Nítorí náà, kí ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní àṣẹ láti sọ pé ó ti parí, kó jẹ́ pé rédíò kan náà ni yóò máa gbà sọ ọ́. Ẹ kọ ipò ẹni náà sínú ìwé, pẹ̀lú ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wà nínú bàálù.