Kí ló ń pa transistor mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan pọ́ńpù fúnra rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀ nínú táńkì. Transistor BC547, ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, ni mo fi ń tan relay fólítì 12, ìyẹn suìṣì tí iná ń ṣí tó ń tan pọ́ńpù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kì í pẹ́ tí transistor náà fi ń kú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni? Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì lọ bá ọlọ́jà jà. Nínú àwòrán tó o fi ránṣẹ́, mi ò rí díódì kankan, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lórí relay yẹn. Wáyà tí wọ́n wé sínú relay kì í gbà kí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá dáwọ́ dúró lójijì. Bí transistor bá ṣe ń pa á báyìí, wáyà náà á ta iná padà, ó sì lè ju 100 fólítì lọ, bẹ́ẹ̀ 12 péré lo fún un! Fólítì 45 ni agbára BC547 mọ.

Ra díódì 1N4007, owó rẹ̀ ò tó nǹkan; inú rẹ̀ ni iná tó ta padà yẹn máa gbà dípò kó lu transistor. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì wáyà relay náà gan-an, kí ìlà fàdákà ara rẹ̀ wà níhà pọ́sítíìfù. Wò ó dáadáa o: bó o bá dorí rẹ̀ kodò, inú díódì ni iná máa gbà tààrà, transistor á sì jóná lójú ẹsẹ̀. Relay á máa pẹ́ díẹ̀ kó tó jáwọ́, ṣùgbọ́n kí ló kan pọ́ńpù nínú ìyẹn?